Ìpàtẹ Iṣẹ́ Ọwọ́ àti Ẹni tí Ó Ni Ọwọ́

Bí ẹ bá ní owó ogún náírà lápò, ẹ jọ̀wọ́, ẹ yọ ọ́ síta, kí ẹ sì yí i sẹ́yìn. Obìnrin tí ẹ rí níbẹ̀ tí ó ń mọ ìkòkò ni Ladi Kwali. Láti ìgbà tí owó náà ti jáde ní 2007, a ti ná an láìmọye ìgbà, ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú wa ni ó béèrè ohun tí ó gbé amọ̀kòkò dé ara owó ìjọba. Ìpàtẹ iṣẹ́ ọwọ́ ni ó gbé e débẹ̀, ìpàtẹ iṣẹ́ ọwọ́ sì ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò máa wí nínú ara wọn pé, "Kí ni ó kan ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ nínú ìkòkò àti ẹní? Owó oṣù wa ni kí ẹ bá wa sọ." Ẹ fara balẹ̀. Ọ̀rọ̀ owó iṣẹ́ náà ni.

Ní nǹkan bí 1925 ni a bí Ladi ní Kwali, láàrin àwọn Gbagyi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní Gwari. Iṣẹ́ obìnrin ni ìkòkò mímọ láàrin wọn, ọwọ́ obìnrin kan nínú ẹbí rẹ̀ ni ó sì ti kọ́ ọ. Ladi ni àwọn Hausa máa ń pe ọmọbìnrin tí a bí ní ọjọ́ Àìkú, Kwali sì ni orúkọ ìlú. Nítorí náà, ọmọbìnrin ọjọ́ Àìkú láti Kwali ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí. Ọmọbìnrin mélòó ni orúkọ yẹn kò lè bá mu ní ìlú náà!

Nígbà tí Ladi bá ń mọ ìkòkò ìbílẹ̀, kì í gbé amọ̀ sórí kẹ̀kẹ́ tí ń yí. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ń yí ìkòkò po, tí ó ń fi ẹ̀yìn rìn, tí ó ń lẹ amọ̀ tí ó ti fọwọ́ yí gbọọrọ mọ́ ara ìkòkò ní ìpele-ìpele, tí ó sì ń há a títí yóò fi tẹ́jú. Lẹ́yìn èyí ni yóò wá fín alángbá, ejò, àkeekèé àti ẹja sí i lára. Ní 1952, Michael Cardew, amọ̀kòkò ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ìjọba amúnisìn gbà síṣẹ́, dá ilé ẹ̀kọ́ ìkòkò mímọ sílẹ̀ ní Abuja. Abuja ìgbà náà ni ìlú tí a ń pè ní Suleja lónìí, kí a tó gba orúkọ náà fún olú ìlú tuntun. Ààfin ẹ́míà ìlú náà, Suleimanu Barau, ni Cardew ti rí ìkòkò Ladi. Ní 1954, Ladi wọ ilé ẹ̀kọ́ náà, níbi tí kò ti sí obìnrin kankan ṣáájú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí, nítorí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ìkòkò náà yẹ fún àròjinlẹ̀. Ní abúlé, iná gbangba tí a fi igi àti koríko dá ni a fi ń sun ìkòkò. Omi a máa tutù nínú rẹ̀ nítorí pé ara rẹ̀ ń làágùn. Ní Abuja, wọ́n pa á ní ohun tí ń dán bíi díńgí, wọ́n sì sun ún nínú ìléru tí ooru rẹ̀ ju 1,200 ní ìwọ̀n Celsius lọ. Ara rẹ̀ kò làágùn mọ́, kò sì tu omi lára mọ́. Ìkòkò omi di ohun àgbéwò. Èmi kò sọ pé èyí burú. Àwọn ìkòkò náà rẹwà, orí kan kò sì lè sọ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo ń tọ́ka sí ni pé, nígbà tí ìpàtẹ bá di ọjà, ẹni tí ń wò ni a ń ṣe iṣẹ́ fún, kì í ṣe ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ.

Ọjà náà sì tà. Ní 1958, 1959 àti 1962, wọ́n pàtẹ ìkòkò Abuja ní Berkeley Galleries ní Lọ́ńdọ̀nù. Ladi rin ìrìn àjò lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì mọ ìkòkò lójú àwọn ènìyàn. Ní 1972 ó ṣe bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Yunifásítì Ahmadu Bello fi oyè ọ̀mọ̀wé dá a lọ́lá ní 1977. Ó kú ní 1984, wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ sọ ilé ìkòkò Suleja náà.

Báwo ni orúkọ rẹ̀ kò ṣe sọnù? Mo bẹ̀ yín, ẹ fi ọkàn sí èyí. Ní Abuja, amọ̀kòkò kọ̀ọ̀kan ní òǹtẹ̀ tirẹ̀. Kí wọ́n tó sun ìkòkò, a ó tẹ òǹtẹ̀ ilé iṣẹ́ sí i lára, a ó sì tún tẹ ti ẹni tí ó mọ ọ́n. Òǹtẹ̀ kékeré yìí ni ó fi jẹ́ pé, títí di òní, a lè mọ èyí tí ó ti ọwọ́ Ladi jáde àti èyí tí ó ti ọwọ́ Halima Audu tàbí Asibi Ido jáde. Ẹ wá lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé níbi tí wọ́n kó idẹ Bida, aṣọ Akwete àti ère oríṣiríṣi sí. Ẹ óò rí orúkọ ẹ̀yà, ẹ óò rí orúkọ ìlú, nígbà mìíràn ẹ óò rí orúkọ òyìnbó tí ó kó wọn lọ. Ti ẹni tí ó ṣe é ńkọ́? Ó ní orúkọ. Ẹni tí ó kọ́kọ́ ra iṣẹ́ náà ni kò béèrè.

Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sí ọ̀dọ̀ wa. Ní 1888, ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà kan, Arts and Crafts Exhibition Society, ṣe ìpàtẹ àkọ́kọ́ wọn ní Lọ́ńdọ̀nù. Nínú ìwé ìpàtẹ náà, wọ́n kọ orúkọ ẹni tí ó ya àwòrán iṣẹ́, wọ́n sì tún kọ ti ẹni tí ó fi ọwọ́ ṣe é. Lójú àwọn oníléeṣẹ́ ìgbà náà, àṣejù ni.

Ṣùgbọ́n ìpàtẹ tí ó wù mí jù lọ ni èyí tí kò dárúkọ ẹwà rárá. Ní 1906, ìwé ìròyìn Daily News ṣe ìpàtẹ kan ní Queen's Hall ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn òṣìṣẹ́ tí ń fi ilé ṣe ibi iṣẹ́ ni wọ́n kó wá, àwọn obìnrin ni ó sì pọ̀ jù nínú wọn. Wọ́n jókòó sídìí iṣẹ́ wọn lójú gbogbo ènìyàn: ẹni tí ń rán aṣọ ń rán an, ẹni tí ń ṣe páálí ìṣáná ń ṣe é. A kọ wákàtí tí wọ́n ń lò, iye tí wọ́n ń gbà àti iye tí wọ́n ń ta ọjà náà ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tí ń ṣe páálí ìṣáná ń gba owó tí ó fi díẹ̀ lé ní pẹ́nì méjì lórí páálí 144, òun náà ni yóò sì fi owó ara rẹ̀ ra lẹ́ẹ̀. Nǹkan bí 30,000 ènìyàn ni ó wá wò ó. Àwọn ọlọ́lá wà nínú wọn, bóyá ní aṣọ tí irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ rán.

Ojú tì wọ́n. Ní 1909, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin tí ó dá ìgbìmọ̀ owó iṣẹ́ sílẹ̀ fún iṣẹ́ mẹ́rin, tí ṣéènì rírọ jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Àwọn obìnrin Cradley Heath ni ń fi òòlù rọ ṣéènì náà ní àtíbàbà ẹ̀yìn ilé wọn. Ní 1910, ìgbìmọ̀ ní kí a máa san pẹ́nì méjì ààbọ̀ fún wákàtí kan. Àwọn agbanisíṣẹ́ gbé ìwé wá pé kí àwọn obìnrin náà tọwọ́ bọ̀ ọ́, kí wọ́n fi owó tuntun náà sílẹ̀ fún oṣù mélòó kan. Wọ́n kọ̀. Wọ́n ti iṣẹ́ mọ́ wọn lójú fún ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá. Mary Macarthur àti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ obìnrin tí ó ń darí dúró tì wọ́n, wọ́n gba owó ìrànlọ́wọ́ kiri, gbogbo agbanisíṣẹ́ sì gbà níkẹyìn. Owó ìrànlọ́wọ́ náà ṣẹ́ kù débi pé wọ́n fi kọ́ gbọ̀ngàn fún àwọn òṣìṣẹ́ ìlú náà. Ìpàtẹ nìkan kò lè ṣe èyí, òfin nìkan kò sì lè ṣe é; ẹgbẹ́ ni ó parí rẹ̀.

Ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà tiwa, ìpàtẹ tí ó gbajúmọ̀ jù ni SIAO ní Ouagadougou, tí Burkina Faso bẹ̀rẹ̀ ní 1988, tí ó sì wà fún ọdún méjì-méjì. Àwọn ahunṣọ, àwọn tí ń rọ idẹ, àwọn oníṣẹ́ awọ àti ahungbọ̀n ń ti orílẹ̀-èdè púpọ̀ wá, àwọn olówò òkè òkun sì ń wá bá wọn dúnàá dúrà. Èyí dára. Síbẹ̀, ìpàtẹ tí ó yẹ kí ó wáyé ní 2020 kò ṣeé ṣe nítorí àrùn Kòrónà, àwọn ènìyàn sì dúró títí di 2023. Ẹ ro ti ahunṣọ tí ó ti yá owó òwú sílẹ̀ de ọjọ́ náà. Kò ní owó oṣù, kò ní owó ìfẹ̀yìntì, gbèsè rẹ̀ kò sì mọ̀ pé àjàkálẹ̀ àrùn wà.

Àwọn ènìyàn yìí ni mo fẹ́ kí ẹ kà mọ́ òṣìṣẹ́. Àpéjọ àwọn òṣìṣẹ́ àgbáyé ní Geneva ti gbà bẹ́ẹ̀: ní 1996, ILO ṣe Àdéhùn 177, èyí tí ó sọ pé ẹni tí ń ṣe iṣẹ́ fún agbanisíṣẹ́ láti inú ilé rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ sí ẹgbẹ́ àti sí owó iṣẹ́ bí ti ẹlòmíràn. Ẹni tí ń pa aró ní Kofar Mata ní Kano, tí ń rọ idẹ ní òpópónà Igun ní Benin, tàbí tí ń hun ọ̀pá ìkọ̀ ní Ikot Ekpene, ó lè jẹ́ ọ̀gá ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé alágbàtà kan ṣoṣo ni ń gbé òwú fún un, tí òun náà sì ń dá iye rẹ̀, irú ọ̀gá wo nìyẹn?

Nítorí náà, kí ìpàdé tí ń bọ̀ tó dé, kí akọ̀wé ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan wádìí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tí ń gbé àdúgbò rẹ̀. Kí ó kọ orúkọ wọn, ẹni tí ń gbé iṣẹ́ fún wọn, iye tí wọ́n ń gbà lórí ẹyọ kan, àti iye tí wọ́n ń ta ẹyọ náà níbi ìpàtẹ. Bí ìjọba ìpínlẹ̀ bá ń múra ìpàtẹ, kí ẹ̀ka kọ ìwé béèrè iye owó tí wọn yóò gbà fún àyè ìtajà, àti bóyá orúkọ ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ yóò wà lára rẹ̀. Kí ẹ mú èsì ìwé náà dání wá.