Ọkàn Ọmọ Kò Yàtọ̀ sí Alájọ Ṣómólú

Ọ̀rọ̀ tí Alukoro Ẹgbẹ́ sọ níbi ayẹyẹ ọdún kẹwàá ẹgbẹ́ wa

 

Nígbà tí a dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àti ilé kíkọ́ la máa ń sọ jù nípàdé. Lónìí, kí wọ́n tó gbé oúnjẹ dé, ọ̀rọ̀ ọmọ ti gbòde: ọmọ tó ń fi orí gbálẹ̀ bí wọ́n bá gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, ọmọ tó fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí kò fẹ́ lọ sílé ìwé mọ́. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí bí ọwọ́ tí òbí fi mú ọmọ kékeré ṣe ń kọ́ ọ láti kápá ìbínú àti ẹkún rẹ̀, àti láti dìde bí ó bá ṣubú.

Kò sí ọmọ Ṣómólú tí kò gbọ́ nípa Alájọ Ṣómólú. Alphaeus Taiwo Olunaike lorúkọ bàbá náà. Wọ́n bí i ní 1915, ó sì dágbére fáyé ní 2012. Òun ni wọ́n ní ó ta mọ́tò ra kẹ̀kẹ́, kó lè rí ọ̀nà gbà dé ọ̀dọ̀ àwọn oníbàárà rẹ̀. Wọ́n ní kì í kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, síbẹ̀ kì í ṣi owó ẹnikẹ́ni san. Àwa tí a ń jẹun nídìí iṣẹ́ báǹkì, tòun ti kọ̀ǹpútà wa, a mọ̀ pé iṣẹ́ ńlá nìyẹn. Ọkàn ọmọ kékeré náà rí bẹ́ẹ̀. Kò ní ìwé, kò ní bírò, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí a bá dá ló ń kà mọ́ wa: ìfàmọ́ra, ariwo, sùúrù, ìgbátí. Lọ́jọ́ tí àjọ bá pé, ohun tí a dá náà ni a ó kó.

Ọmọ ọwọ́ kò lè dá pa ẹkún ara rẹ̀. Ara ìyá ló ń yá lò. Bí ìyá bá pọ̀n ọ́n, tó ń jó o jẹ́jẹ́, tó ń kì í, mímí rẹ̀ á rọlẹ̀. Díẹ̀díẹ̀, ohun tí wọ́n ń ṣe fún un ni yóò kọ́ láti máa ṣe fún ara rẹ̀. Òbí tó ń lọgun "Dákẹ́ ńbẹ̀!" lé ọmọ tó ń sunkún lórí ń fi bẹntiróòlù paná ni.

Ẹ gbọ́ ìwádìí kan tó jáde ní 2018. Bettina Lamm àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ láti Jámánì lọ bá àwọn àgbẹ̀ Nso ní Kamẹrúùnù. Wọ́n gbé puff-puff kan síwájú ọmọ ọdún mẹ́rin, wọ́n ní bí kò bá jẹ ẹ́ títí àwọn yóò fi padà dé, yóò di méjì. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni wọ́n fi dán wọn wò. Bíi méje nínú ọmọ Nso mẹ́wàá ló dúró. Nínú àwọn ọmọ Jámánì, tí wọ́n fún ní ohun dídùn tiwọn, kò ju bíi mẹ́ta nínú mẹ́wàá lọ. Àwọn ọmọ Nso kan tilẹ̀ sùn lọ lórí àga! Àwọn ìyá Nso a máa gbé ọmọ mọ́ra, wọ́n sì ń kọ́ ọ láti kékeré pé kó fara balẹ̀, kó bọ̀wọ̀ fágbà. Ṣé kò jọ ilé tiwa? Àwọn ìyá wa kàn máa ń ṣẹ́jú sí wa lóde àríyá ni, a ti mọ̀ pé ká má gba ẹran yẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Pàṣán wà nínú ilé yẹn náà, àwọn kan láàárín wa sì gbà pé òun ló sọ wá dènìyàn. Ní 2011, Victoria Talwar àti Kang Lee gbé ìwádìí jáde lórí ilé ìwé méjì ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ọ̀kan ń na ọmọ, èkejì ń fi ẹnu bá wọn wí. Wọ́n ní kí àwọn ọmọ ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin má yọjú wo ohun ìṣeré kan. Níbi méjèèjì, ọ̀pọ̀ jù lọ ló yọjú. Nígbà tí wọ́n bi wọ́n, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ọmọ ilé ìwé tó ń nani ló purọ́, wọ́n sì mọ irọ́ náà pa ju àwọn yòókù lọ. Ẹgba kò kọ́ wọn ní ìkóra-ẹni-níjàánu; bí a ṣe ń fi nǹkan pamọ́ fún àgbà ló kọ́ wọn. Ohun tó ṣe wá lóore ni àmójútó, ìfẹ́ àti òfin tí kì í yẹ̀. Ẹ má jẹ́ ká gbé oríyìn wọn fún pàṣán.

Ní àdúgbò wa, ọ̀rọ̀ yìí ti kọjá àwàdà. Ọ̀pọ̀ òbí ní Ṣómólú àti Bàrígà ti wà lórí Third Mainland Bridge kílẹ̀ tó mọ́, ọmọ á sì ti sùn kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tó jẹ́ kí wọ́n wọlé. Ojú kan ní í bímọ, igba ojú ní í wò ó. Nínú ilé face-me-I-face-you àtijọ́, igba ojú náà wà. Lónìí, fóònù ló ń wo ọmọ. Gbogbo wa la sì mọ ohun tí ìjà ẹgbẹ́ òkùnkùn ti fojú àwọn ìyá rí ní Bàrígà. Ọmọ tí a kò bá kọ́ bí a ṣe ń gbé ìbínú mì, ẹlòmíràn ń dúró ní ìkòríta láti kọ́ ọ bí a ṣe ń lò ó.

Ìrètí wà. Ní erékùṣù Kauai ní Hawaii, Emmy Werner tẹ̀ lé àwọn ọmọ 698 tí wọ́n bí ní 1955 títí wọ́n fi dàgbà. Nínú àwọn tí ìyà pọ̀ fún jù, bí ìdá kan nínú mẹ́ta ló yanjú dáadáa. Ọ̀kan pàtàkì nínú ohun tó gbà wọ́n ni pé wọ́n ní àgbà kan, ó kéré tán, tí kò fi wọ́n sílẹ̀: òbí, ìyá àgbà, olùkọ́ tàbí aládùúgbò. Àwọn bàbá wa ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Ta ni yóò bá níwájú?

Àbá wa rèé:

Èkíní, ẹ jẹ́ ká bá ọmọ dárúkọ ohun tó ń ṣe é: "Inú ń bí ẹ torí wọ́n gba bọ́ọ̀lù ẹ." Ohun tó bá lórúkọ ṣeé kápá.

Èkejì, ìbínú ọ̀gá àti ti kọ́ńdọ́, ká fi í sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ká mu omi ká tó sọ̀rọ̀.

Ẹ̀kẹta, ká má yẹ òfin, ká má sì fi ẹgba gbè é. Bí a bá fi ọ̀tún bá ọmọ wí, ká fi òsì fà á mọ́ra.

Ẹ̀kẹrin, ká jẹ́ kí ọmọ rí ìṣòro tó mọ níwọ̀n: kó pàdánù nídìí lúdò, kó ṣe iṣẹ́ àmúrelé rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ọmọ tí a kò jẹ́ kó ṣubú rí kò lè mọ bí a ti ń dìde.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ̀yin bàbá, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lójúmọ́, láìsí fóònù.

Fún ọdún mẹ́wàá tó ń bọ̀, a ń bẹ ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ pé kó mú ọmọ kan ní àdúgbò rẹ̀, tí kì í ṣe ọmọ rẹ̀, kó mọ orúkọ rẹ̀, kó máa béèrè rẹ̀. Èyí kò ná wa ní kọ́bọ̀.

Ọlọ́run yóò wo àwọn ọmọ wa. A kò ní fi ọwọ́ wa sin wọ́n. Ẹgbẹ́ wa yóò máa gbèrú sí i.