Bí A Ti Ń Ya Àwòrán Egungun Ìhà àti Egungun Igbá-Àyà
Ọ̀rọ̀ ìlera fún ilé ìkàwé àwọn ará Ìlerò àti agbègbè rẹ̀

 

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ kan gbogbo ilé. Ta ni nínú wa tí kò mọ ẹnìkan tí ó já bọ́ láti orí igi igbá, tàbí ẹni tí alùpùpù gbé ṣubú lójú ọ̀nà Òkèhò, tí ó sì fi ìhà gbálẹ̀? Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá dé ilé ìwòsàn, dókítà lè ní kí a fi ẹ̀rọ X-ray ya àwòrán inú àyà rẹ̀. Níbẹ̀ ni wọn yóò ti wí fún un pé kí ó yí síhìn-ín, kí ó yí sọ́hùn-ún, kí ó fa èémí sínú, kí ó mí síta. Òun náà a sì máa rò nínú ìrora rẹ̀ pé wọ́n ń fi òun ṣeré ni. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Ìdí ń bẹ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan àṣẹ wọ̀nyí, ẹni tí ó bá sì tẹ̀lé wọn, ara rẹ̀ ni ó ń ràn lọ́wọ́.

Ọ̀jọ̀gbọ́n ará Jámánì kan, Wilhelm Röntgen, ni ó ṣe àwárí ìtànṣán yìí ní ìlú Würzburg, ní ọjọ́ 8 oṣù November, ọdún 1895. Kí ọdún náà tó parí, ó ti fi í ya egungun ọwọ́ ìyàwó rẹ̀, tòun ti òrùka tí ó wà ní ìka. Ìtànṣán náà a máa la ẹran ara kọjá, ṣùgbọ́n egungun a máa dá púpọ̀ nínú rẹ̀ dúró. Nítorí náà, òjìji ni àwòrán tí dókítà ń wò.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ àwọn egungun náà. Méjìlá ni egungun ìhà lápá ọ̀tún, méjìlá lápá òsì, bákan náà ni fún ọkùnrin àti obìnrin. Gbogbo wọn ni ó so mọ́ ọ̀pá ẹ̀yìn. Méje ti òkè nà dé egungun igbá-àyà níwájú. Mẹ́ta tí ó tẹ̀lé wọn fara ti èyí tí ó wà lókè wọn. Méjì ìsàlẹ̀ kò sì kan ohunkóhun níwájú. Wọ́n tẹ̀ kọrọdọ bí etí agbọ̀n, wọ́n sì dà gẹ̀rẹ́ wá sísàlẹ̀ láti ẹ̀yìn. Egungun igbá-àyà ní tirẹ̀ jẹ́ pẹlẹbẹ, ó wà ní àárín àyà, níwájú ọkàn.

Nísisìyí, ẹ gbé ọwọ́ sí iwájú fìtílà ní alẹ́. Bí ọwọ́ bá súnmọ́ ògiri, òjìji rẹ̀ a mú ṣáṣá. Bí ó bá jìnnà sí i, òjìji a fẹ̀, a sì ṣe bàìbàì. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń ní kí ẹni tí iwájú ìhà ń dùn gbé àyà lé àwo ẹ̀rọ, kí ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn sì fi ẹ̀yìn tì í. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ ni, wọn a yí i ní ìwọ̀n dígírì 45, kí ibi tí egungun ti tẹ̀ lè ṣí gbangba.

Èémí ńkọ́? Awọ ẹran kan dábùú láàárín àyà àti ikùn. Bí a bá fa èémí sínú, awọ náà a sọ̀kalẹ̀, egungun ìhà ti òkè a sì hàn lórí ẹ̀dọ̀fóró tí afẹ́fẹ́ kún. Bí a bá mí síta, a gòkè, àwọn ti ìsàlẹ̀ tí ó bo ẹ̀dọ̀ àti kídìnrín a sì hàn dáradára. Ní ti igbá-àyà, bí a bá kọjú sí àwo gan-an, ọ̀pá ẹ̀yìn yóò bò ó mọ́lẹ̀. Nítorí náà ni wọ́n fi ń yí ènìyàn díẹ̀, dígírì 15 sí 20, kí apá ọ̀tún àyà súnmọ́ àwo, kí òjìji egungun náà lè bọ́ sórí òjìji ọkàn. Wọ́n tún lè ya á láti ẹ̀gbẹ́, kí a ká ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, kí àyà yọ síwájú.

Kí ẹ tó wọlé, ẹ bọ́ ìlẹ̀kẹ̀, ẹ̀wọ̀n ọrùn, tírà àti ońdè, nítorí òjìji wọn lè bo ibi tí ó kán. Obìnrin tí ó lóyún, tàbí tí ó rò pé òun lóyún, kí ó sọ ọ́ kí a tó yà á.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé èyí: egungun ìhà lè sán kí àwòrán má fi hàn. Nítorí náà, bí ìrora bá ń bá a lọ, ẹ padà lọ sọ́dọ̀ dókítà. A kì í fi POP di ìhà bí a ti ń di ẹsẹ̀. Ohun tí a ń wá jù lọ ni bóyá egungun ti gún ẹ̀dọ̀fóró, tí afẹ́fẹ́ tàbí ẹ̀jẹ̀ fi ń jọ síbi tí kò yẹ. Ẹ má fi ọ̀já di àyà pinpin, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ́ ọ tàbí tẹ̀ ẹ́. Ẹni tí kò bá lè mí kanlẹ̀, òtútù àyà kò jìnnà sí i. Bí èémí bá ń há, bí ó bá ń wúkọ́ ẹ̀jẹ̀, bí ikùn bá ń dùn ún tàbí tí òòyì ń kọ́ ọ, ẹ má ṣe dúró di ọ̀la. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tí ó súnmọ́ yín. Bí ọ̀rọ̀ bá sì le jù wọ́n lọ, wọn yóò darí yín sí ilé ìwòsàn ńlá, irú èyí tí a ṣí ní Ìbàdàn ní ọdún 1957, tí a ń pè ní UCH.

Àwọn àgbà ní, àrùn ni a ń wò, a kì í wo ikú. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a rí ìjàǹbá lójú ọ̀nà oko àti lójú ọ̀nà ọjà.