Kọ́kọ́rọ́ Kọ̀ǹpútà Kì Í Ṣe Ti Ẹnì Kan Ṣoṣo
(Ọ̀rọ̀ tí aṣojú òṣìṣẹ́ sọ ní ìpàdé ẹ̀ka)



Orúkọ wa, àkọsílẹ̀ owó ẹgbẹ́, àti ìwé ẹjọ́ àwọn tí a ń gbèjà níwájú ọ̀gá, inú kọ̀ǹpútà ni wọ́n wà nísinsìnyí. Kí olè má baà rí i kà, a máa ń tì í pa. Èyí tó wà nínú Windows ni wọ́n ń pè ní BitLocker. Ó dára púpọ̀: bí olè bá gbé ẹ̀rọ náà lọ, irin lásán ló gbé.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o. Ohun kékeré kan wà nínú ẹ̀rọ náà tó dà bí ọlọ́dẹ ẹnu géètì. Bí ẹ̀rọ bá jí bó ṣe ń jí lójoojúmọ́, á ṣílẹ̀kùn fún un. Bí àtúnṣe tuntun bá yí bó ṣe ń jí padà, ọlọ́dẹ lè ní òun kò mọ̀ ọ́n mọ́. Á wá béèrè ẹyọ nọ́ńbà 48 tó tò tẹ̀léra.

Ní ọjọ́ 9 oṣù Keje ọdún 2024, Microsoft fi àtúnṣe ránṣẹ́, àwọn kọ̀ǹpútà kan sì bẹ̀rẹ̀ sí béèrè nọ́ńbà yìí. Ó di ọjọ́ 13 oṣù Kẹjọ kí wọ́n tó wá nǹkan ṣe sí i. Ní ọjọ́ 19 oṣù Keje kan náà, àtúnṣe tó lábùkù láti ọ̀dọ̀ CrowdStrike dá kọ̀ǹpútà bíi mílíọ̀nù 8.5 dúró, ọ̀pọ̀ bàálù kò lè gbéra. Àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ní láti wá nọ́ńbà èyí tí wọ́n bá tì pa, lọ́kọ̀ọ̀kan.

Bí nọ́ńbà náà bá sọnù, Microsoft pàápàá kò lè bá yín wá a. Nígbà mìíràn, inú àkáǹtì ẹnì kan ṣoṣo ló wà. Bí onítọ̀hún bá fẹ̀yìn tì ńkọ́?

Nítorí náà, mo dá àbá mẹ́ta. Èkíní, kí a tẹ nọ́ńbà náà sórí ìwé, kí akọ̀wé tọ́jú ọ̀kan, kí akápò tọ́jú ọ̀kan. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀rọ. Èkejì, kí a máa da àkọsílẹ̀ wa kọ sí ibòmíràn lóṣooṣù. Ẹ̀kẹta, ẹ̀yin tó wà ní sítọ́ọ̀ àti ibi tí a ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, bí ẹ̀rọ bá béèrè nọ́ńbà lẹ́yìn àtúnṣe, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pa ohun inú rẹ̀ rẹ́. Ẹ kọ ọjọ́ àti wákàtí sílẹ̀, kí ẹ sì pe aṣojú yín. A kò ní gbà kí ọ̀gá fún òṣìṣẹ́ ní kúẹ́rì nítorí àṣìṣe ẹni tó ṣe ẹ̀rọ.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.