Kí A Tó So Ilé-Ìwé Àwọn Ọmọ Wẹ́wẹ́ Pọ̀ Mọ́ Ti Àwọn Ẹ̀gbọ́n Wọn
Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn òbí àti àwọn olùkọ́ sọ níbi ìpàdé wọn

  A mọ̀ pé ọkàn kò balẹ̀ ládùúgbò yìí. Láti ọjọ́ tí ìwé ti dé pé ìjọba ń gbèrò láti so ilé-ìwé àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ yín, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ láti jẹ́lé-ó-sinmi tí kò sì kọjá kíláàsì kẹta, pọ̀ mọ́ ilé-ìwé ńlá tí ó wà ní òdìkejì títì, ni àwọn ìyá ọmọ ti ń bi ara wọn ní ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kò dáhùn. Àwọn kan fẹ́ kí a wá bú ìjọba fún wọn. Àwọn mìíràn fẹ́ kí a wá pàrọwà fún ìlú pé kí wọ́n gbà. A kò wá fún èkíní, bẹ́ẹ̀ ni a kò wá fún èkejì. A wá kí a lè jọ mọ ohun tí ó tọ́ kí a béèrè, àti ẹni tí a ó béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́ kan ná, bí kò tilẹ̀ dùn ún gbọ́. Síso ilé-ìwé pọ̀ kì í ṣe ohun tuntun ní ilẹ̀ wa, kì í sì í ṣe ohun burúkú ní gbogbo ìgbà. Àwọn àgbà tí wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún láàrin wa kò ní gbàgbé ìfáńtì àti sítáńdáàdì. Ọmọ a lo ọdún méjì ní ìfáńtì, a sì tún lo ọdún mẹ́fà láti sítáńdáàdì kìíní dé ìkẹfà. Ọdún mẹ́jọ gbáko ni. Nígbà tí ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955, wọ́n pa ìfáńtì àti sítáńdáàdì pọ̀ di ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́fà. Ọmọ tí ó bá lè na ọwọ́ rẹ̀ kọjá lórí kí ó fi kan etí rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kejì, wọn a gbà á wọlé. Àwọn ọmọ ilé-ìwé tí wọ́n tó bí 457,000 ní ọdún 1954 di ẹni tí ó lé ní 811,000 ní ọdún kan péré. A kò lè máa fi ìyẹn yangàn lónìí, kí a sì wí lọ́la pé ohun gbogbo tí a bá pa pọ̀ ni yóò bàjẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ti ṣe é. Oṣù keje ọdún 1952 ni Olóyè S. O. Awókòyà, tí í ṣe mínísítà ètò ẹ̀kọ́, ti gbé ètò náà kalẹ̀ níwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ó ju ọdún méjì lọ kí ọmọ kan ṣoṣo tó wọ kíláàsì lábẹ́ rẹ̀. Láàrin àkókò yẹn ni wọ́n ń kọ́ àwọn olùkọ́, tí ìlú ń mọ ògiri, tí wọ́n sì ń jiyàn. Síbẹ̀ náà, owó orí tí wọ́n bù lé e bí àwọn ènìyàn nínú, nítorí pé kò yé wọn tó. Ìbínú yẹn wà lára ohun tí ó jẹ́ kí ẹgbẹ́ N.C.N.C. borí Action Group ní Ìwọ̀-Oòrùn gan-an nínú ìdìbò sí ilé aṣòfin àpapọ̀ ní ọdún 1954. Àwa tí a ń fi ètò 1955 ṣe àwòkọ́ṣe kò gbọdọ̀ fi ìtàn yìí pamọ́. Ìjọba tí ó mọ ohun tí ó dára fún ọmọ, tí kò sì jókòó ti òbí títí yóò fi yé e, yóò jìyà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà àpótí ìdìbò.

Èyí tí ó súnmọ́ wa jù lọ ni ti Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ìjọba Ọ̀gbẹ́ni Raúf Arẹ́gbẹ́ṣọlá, tí ó gorí àléfà ní oṣù kọkànlá ọdún 2010, pe àpérò lórí ètò ẹ̀kọ́ ní ọdún 2011, Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká ni ó sì ṣe alága rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tún ilé-ìwé pín: kíláàsì kìíní sí ìkẹrin lọ́tọ̀, ìkarùn-ún sí ìkẹsàn-án lọ́tọ̀, ìkẹwàá sí ìkejìlá lọ́tọ̀. A kò ní fi ọ̀tá ṣe ìdájọ́. Wọ́n kọ́ àwọn ilé tí ojú kò rí rí ní ilé-ìwé ìjọba, wọ́n sì ń fún àwọn ọmọ kékeré ní oúnjẹ ọ̀sán. Ṣùgbọ́n kí ètò náà tó lè rìn, wọ́n ní láti kó ilé-ìwé kan wọ inú òmíràn. Ilé-ìwé ọmọbìnrin àti ti ọmọkùnrin di ọ̀kan. Ilé-ìwé tí ìjọ Kristi dá sílẹ̀ gba àwọn ọmọ láti ibòmíràn, orúkọ àtijọ́ sì ń parẹ́ lára pátákó. Ní Ìwó, ọ̀rọ̀ dé orí aṣọ. Nígbà tí ilé-ẹjọ́ gíga ní Òṣogbo dájọ́ ní oṣù kẹfà ọdún 2016 pé àwọn ọmọbìnrin Mùsùlùmí ní ẹ̀tọ́ láti wọ híjáàbù, kò pẹ́ tí àwọn ọmọ mìíràn fi ń gbé aṣọ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wọ̀ wá sí kíláàsì. Mùsùlùmí àti Kristẹni tí wọ́n ń jẹ nínú àwo kan náà nílé wá ń wo ara wọn ní ìwò-kuwò lẹ́nu géètì ilé-ìwé. Ní ọdún 2020, ìjọba Alhaji Gbóyèga Oyètọ́lá dá ètò náà padà sí bí ó ti wà tẹ́lẹ̀, wọ́n sì dá orúkọ àwọn ilé-ìwé padà. Ọmọ tí ó wọ kíláàsì kìíní ní ọmọ ọdún mẹ́fà ní 2013 ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàlá nígbà náà. Ta ni yóò dá ọdún wọ̀nyẹn padà fún un?

A kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà ti wọ́.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a wá sí ti yín. A ti rìn ín. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé tí ó kọjá ni a gbéra láti ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé kékeré, a sì fi ẹsẹ̀ ọmọdé rìn dé ilé-ìwé ńlá, nítorí pé ọmọkùnrin ọmọ ọdún márùn-ún kan ni ó ṣíwájú wa. Ọ̀nà náà kò jìn fún àgbàlagbà. Ṣùgbọ́n títì wà láàrin, ọkọ̀ akẹ́rù ń sáré lórí rẹ̀, ọ̀kadà sì ń gba ọ̀tún gba òsì. A dúró títí kí a tó rí àyè kọjá. Ọmọ náà di ìka wa mú ṣinṣin, kò sì sọ̀rọ̀ títí a fi dé òdìkejì. Ìyá tí ó ń ta ẹ̀kọ ní ìdájí, ṣé òun ni yóò fi igbá rẹ̀ sílẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ láti mú ọmọ kọjá? Òfin ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ àti ọ̀ranyàn ti ọdún 2004 sọ pé dandan ni kí òbí mú ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé-ìwé, ìyà sì wà fún ẹni tí ó bá kọ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ìjọba tí ó fi dandan mú wa rán ọmọ níṣẹ́ ni ó yẹ kí ó fi ẹni tí yóò dá ọkọ̀ dúró sí ojú ọ̀nà.

Nípa ti kíláàsì, ìlànà ìjọba àpapọ̀ fúnra rẹ̀ sọ pé olùkọ́ kan kò gbọdọ̀ ní ju ọmọ márùndínlógójì lọ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àti márùndínlọ́gbọ̀n ní jẹ́lé-ó-sinmi. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé òjò ni yóò pinnu iye ọmọ tí yóò wọ yàrá kan. Ẹ béèrè iye yàrá, iye àga, àti iye ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rin kò lè jókòó lórí ṣáláńgá tí a gbẹ́ fún ọmọ ọdún mọ́kànlá. (Ẹ̀yin ọkùnrin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín, ẹ bi àwọn ìyàwó yín.)

A ní láti sọ ohun tí ìjọba lè fi ṣe àwíjàre. Olùkọ́ kò tó. Ibi tí olùkọ́ kan bá ti ń kọ́ kíláàsì méjì pa pọ̀, tí ó ń kọ ìṣirò sí apá kan pátákó tí ó sì ń kọ álífábẹ́ẹ̀tì sí apá kejì, kò sí èyí tí ó ń rí ẹ̀kọ́ jẹ lọ́nà tí ó tọ́. Ọ̀pọ̀ òbí tí ara ti gbà ti kó ọmọ wọn lọ sí ilé-ìwé aládàáni, kíláàsì sì ń ṣófo. Bí síso pọ̀ yóò bá fún kíláàsì kọ̀ọ̀kan ní olùkọ́ tirẹ̀, èrè ńlá ni, a kò sì gbọdọ̀ fi ìbínú ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé wọ́n fẹ́ kó àwọn ọmọ jọ kí wọ́n lè yọ olùkọ́ mẹ́ta kúrò níhìn-ín lọ síbòmíràn ni, kí wọ́n wí bẹ́ẹ̀ kí a gbọ́.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni ó kù, òun ni àwọn àgbà sì ń sọ ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Àwọn baba yín ni wọ́n fún ilé-ìwé kékeré náà ní ilẹ̀. Àwọn ìyá yín ni wọ́n ru omi tí wọ́n fi pò amọ̀. Ó dá wa lójú pé ẹ̀rù tí ó wà lọ́kàn yín ni pé bí àwọn ọmọ bá ti kúrò níbẹ̀, ẹnìkan yóò wá fi ẹ̀ka-igi sàmì sí i, lọ́dún kejì a ó sì gbọ́ pé ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n fẹ́ kọ́. Kí ìjọba kọ ọ́ sílẹ̀ kedere pé ilẹ̀ ẹ̀kọ́ ni yóò máa jẹ́. Bí wọ́n bá sì lè fi jẹ́lé-ó-sinmi sílẹ̀ níbẹ̀ lábẹ́ ọ̀gá kan náà tí yóò máa ṣe àkóso ibi méjèèjì, èrò tiwa ni pé èyí sàn ju kí a kó gbogbo wọn kọjá títì lọ.

Ohun wọ̀nyí ni a ti kọ sínú ìwé tí akọ̀wé yóò kà fún yín báyìí. Bí ẹ bá rí ohun tí ó yẹ kí a yọ tàbí kí a fi kún un, ẹ sọ ọ́ níhìn-ín, kí ó má ṣe di ọ̀rọ̀ ìta. Ẹni tí kò bá lè kọ orúkọ rẹ̀, kí ó tẹ ìka. Ní ọjọ́ Ẹtì ni a ó gbé e lọ sí ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀, a ó sì gba ìwé ẹ̀rí pé ó dé ọwọ́ wọn. Ẹni tí ó bá fẹ́ bá wa lọ, kí ó dé ẹnu géètì ilé-ìwé kékeré kí aago mẹ́jọ tó lù.