Àlàfo Ara Ìgèrè

Mo mọ̀ pé kòkó àti obì ni wọ́n fi mọ àwa ará Àkúrẹ́ àti Oǹdó, wọn ò fi ẹja mọ̀ wá. Síbẹ̀, ẹni tó bá gba títì Àkúrẹ́ lọ sí Oǹdó á sọdá odò Ọ̀wẹnà, ẹja gbígbẹ láti Ìlàjẹ létí òkun sì ń bẹ nínú ọbẹ̀ wa.

Ẹ wo ohun tí mo gbé dání yìí. Ìgèrè ni, agbọ̀n tí apẹja fi ń mú ẹja. Ọparun ni wọ́n là wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi hun ún, pàǹkẹ́rẹ́ ni wọ́n fi dè é yíká. Ẹ̀yin bàbá tí ẹ jókòó níwájú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ti ọwọ́ bọ ẹnu rẹ̀. Ó wọlé wẹ́rẹ́, àbí? Ẹ wá fà á yọ. Ẹ rọra o! Àwọn ṣóńṣó tó kọjú sínú yẹn ló ń gún yín. Bí ẹja ṣe ń há nìyẹn. Ìdí ìgèrè ni apẹja ń tú láti kó o jáde.

Ahungèrè kì í gé ọparun tí kò tíì gbó. Èyí tó ti lo bí ọdún mẹ́ta ló ń wá. Á rẹ ẹ́ sómi kí adùn inú rẹ̀ lè jáde, torí adùn yẹn ni kòkòrò ń bá wá tó fi ń sọ igi di ìyẹ̀fun. Lẹ́yìn náà ni á là á, á fi ọ̀bẹ há ikùn rẹ̀ dànù, á sì dá ẹ̀yìn sí, nítorí ẹ̀yìn ọparun ló le. Nínú irà Ìlàjẹ, níbi tí ògùrọ̀ ti pọ̀, ọwọ́ ògùrọ̀ ni wọ́n sábà máa ń lò. Ohun tó wà nítòsí ni oníṣẹ́ ọwọ́ ń fi ṣe é.

Híhun nìkan kọ́ ni iṣẹ́ ìgèrè, dídẹ ẹ́ náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Nígbà òjò, odò á kún bo bèbè, àrọ̀ á tẹ̀ lé omi wọ àbàtà lọ yé ẹyin. Bí omi bá ń fà, ẹja á máa padà sódò. Apẹja á fi igi ṣọgbà dábùú omi, á fi àyè kan ṣoṣo sílẹ̀, ibẹ̀ ni ìgèrè á jókòó sí, kí ẹnu rẹ̀ kọjú síbi tí ẹja ti ń bọ̀. Ẹni tó bá kọjú rẹ̀ síbòmíràn, òfo ló máa gbé wálé.

Kì í ṣe àwa nìkan ló mọ irú ọgbọ́n yìí. Ní Clowanstown, nílẹ̀ Ireland, àwọn awalẹ̀pìtàn hú ìgèrè tó ti lé ní 6,000 ọdún. Ní 2019, UNESCO kọ orúkọ Budj Bim ní Ọsirélíà sínú ìwé ogún àgbáyé: àwọn Gunditjmara ibẹ̀ ló fi òkúta darí omi sínú agbọ̀n ẹja.

Ohun tí mo tìtorí rẹ̀ gbé ìgèrè wá gan-an ni àlàfo ara rẹ̀ yìí. Ìka mi wọ inú rẹ̀. Ọmọ ẹja á gba ibẹ̀ jáde, á lọ dàgbà. Àwọ̀n ọ̀rá olójú wẹ́wẹ́ kì í dá ọmọ ẹja sí. Bí ìgèrè ọparun bá sọnù sódò, á jẹrà. Bí ti ọ̀rá bá sọnù, á máa pa ẹja tí ẹnikẹ́ni ò ní jẹ.

Yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Àkúrẹ́ ní ẹ̀ka tó ń kọ́ni nípa ẹja. Oǹdó ní yunifásítì tó ń kọ́ àwọn olùkọ́. Mo bẹ̀ yín, ẹ̀yin olùkọ́ ibẹ̀, ẹ ránṣẹ́ pe àwọn ahungèrè wá síwájú kíláàsì, kí ẹ sì san owó olùkọ́ fún wọn.