Orúkọ Ọmọ àti Ìwé Ìrìnàjò Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí a fi lé mi lọ́wọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìtàn. Ọ̀rọ̀ ìwé ni, èyíinì ni àwọn ìwé tí ọmọ gbọ́dọ̀ ní lọ́wọ́ kí yunifásítì òkè òkun tó gbà á, kí ìjọba ibẹ̀ sì tó ṣí ilẹ̀kùn fún un. Ó lè dàbí ọ̀rọ̀ kékeré létí ẹni tí kò tí ì dán an wò, ṣùgbọ́n a ti ta oko kòkó nítorí rẹ̀ rí, tí ọmọ kò sì kúrò nílé.

Kò sí ẹni tí yóò kọ́ ará Èkìtì ní iyì ẹ̀kọ́. Láti ọdún 1933 ni a ti dá Christ's School sílẹ̀ ní Adó níhìn-ín. Ọmọ Ìkọ̀lé ni Ọ̀jọ̀gbọ́n J. F. Adé Àjàyí, ẹni tí ó ti Ìbàdàn lọ sí Leicester àti Lọ́ńdọ̀nù, tí ó sì padà di òpìtàn tí gbogbo ayé ń bọlá fún. Ọmọ Adó ni Olóyè Afẹ́ Babalọlá, ẹni tí ó fi àdákọ́ gba oyè ìmọ̀ ọrọ̀ ajé ti Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù, tí ó di agbẹjọ́rò ní 1963, tí ó sì dá yunifásítì tirẹ̀ sílẹ̀ ní ìlú yìí ní 2009. Nítorínáà, kì í ṣe òye ni ó wọ́n àwọn ọmọ wa. Ohun tí ó ń dí wọn lọ́nà ni pé àṣà wa mọ orúkọ púpọ̀ àti ẹbí púpọ̀, ṣùgbọ́n ìwé òkè òkun mọ orúkọ kan, bàbá kan àti ìyá kan. Òbí tí kò bá mú méjèèjì bára mu nígbà tí àyè wà, ojú rẹ̀ yóò rí màbo nígbà tí àyè kò sí mọ́.

Ẹ jẹ́ kí a fi orúkọ ṣáájú. Ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, bàbá sọ tirẹ̀, ìyá sọ tirẹ̀, bàbá àgbà àti ìyá àgbà kò sì gbẹ́yìn. A fi oríkì lé e. Bí a bá sàmì fún un, a tún fi òmíràn kún un. Ọlá ni gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ṣùgbọ́n bí ọmọ náà bá dàgbà, ẹ ó rí i pé ọ̀kan ni ó wà nínú ìwé ìbí, òmíràn ni ó wà nínú ìwé-ẹ̀rí WAEC, òmíràn sì wà lórí nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí à ń pè ní NIN. Ilé ìdílé mìíràn ti fi Olúwa tàbí Jésù rọ́pò Ifá tàbí Ògún nínú orúkọ wọn. Ọmọ ń jẹ́ tuntun, bàbá ń jẹ́ ti àtijọ́. Ẹlòmíràn ẹ̀wẹ̀, Adéṣínà ni orúkọ rẹ̀: ilé-ìwé kọ ọ́ ní Adesina, báńkì kọ ọ́ ní Adeshina. Àwa mọ̀ pé ẹnì kan náà ni. Akọ̀wé tí ó jókòó ní Sheffield kò mọ̀. Lójú tirẹ̀, ènìyàn méjì ni wọ́n, ó sì lè jẹ́ pé ọ̀kan nínú wọn jí ìwé èkejì.

Orúkọ tí ó wà lórí NIN ni a ń gbé lọ sórí pásípọ́ọ̀tù. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án 2025, owó pásípọ́ọ̀tù olójú-ìwé 32, tí ó ń lo ọdún 5, ti di 100,000 náírà. Kò sí ẹni tí ó fẹ́ san án lẹ́ẹ̀mejì nítorí lẹ́tà kan. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí òbí pinnu orúkọ ìwé ọmọ, àti bí a ó ti máa kọ ọ́, kí ó tó forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò WAEC. Bí àṣìṣe bá ti wọ̀ ọ́, kí a búra nílé-ẹjọ́, kí a kéde rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn, kí a sì tún NIN àti ìwé báńkì ṣe. Èmi kò sọ pé kí a sọ orúkọ àwọn baba wa nù. Kí oríkì máa dún nílé. Ṣùgbọ́n orúkọ Yorùbá tí a bá yàn fún ìwé, kí ó jẹ́ ọ̀kan náà níbi gbogbo.

Ọ̀rọ̀ ẹbí ni ó kàn, ibẹ̀ ni owó sì wà. Bí yunifásítì kan ní Ìlú Ọba bá ti gba ọmọ tán, yóò fún un ní nọ́ńbà ìjẹ́rìí kan tí wọ́n ń pè ní CAS. Òun ni ọmọ yóò fi tọrọ físà. Yóò fi hàn pé òun ní owó ilé-ìwé ọdún àkọ́kọ́ tí ó kù láti san, àti owó oúnjẹ òun ilé tí ó lè tó ti oṣù 9. Owó yìí gbọ́dọ̀ wà ní báńkì fún ọjọ́ 28 léraléra, kí ó má sì dín ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Àwọn baba wa wí pé ojú kan ní í bímọ, igba ojú ní í tọ́ ọ. Òfin ibẹ̀ kò mọ igba ojú. Bí kì í bá ṣe ìjọba tàbí àjọ ńlá ni ó gbọ̀wọ́ ọmọ, owó tirẹ̀, tàbí ti bàbá, ti ìyá, tàbí ti alágbàtọ́ tí òfin mọ̀, ni wọn yóò kà nínú ẹbí tí ó tọ́ ọ. Owó àbúrò bàbá, bí ó ti wù kí ó pọ̀ tó, kò wúlò níwọ̀n ìgbà tí ó bá wà lórúkọ àbúrò bàbá. Bí ó bá sì jẹ́ ti bàbá, ìwé ìbí ni yóò jẹ́rìí pé bàbá rẹ̀ ni, pẹ̀lú lẹ́tà àṣẹ láti ọwọ́ rẹ̀. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ orúkọ ti tún padà wá! Nítorínáà, kí ẹbí tí yóò ṣe ìrànlọ́wọ́ tètè fi owó náà sí ọwọ́ ọmọ gan-an. Kí a má sì yá owó wá fi ṣe ojú ayé, tàbí kí a ra ayédèrú ìwé báńkì; ẹni tí a bá mú nínú irọ́, wọ́n lè sé ilẹ̀kùn mọ́ ọn fún ọdún 10.

Ẹ fi ìnáwó mìíràn sí iṣirò pẹ̀lú: àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ, owó ìtọ́jú ìlera tí ó ti di 776 pọ́n-ùn lọ́dọọdún fún akẹ́kọ̀ọ́ láti oṣù Kejì 2024, àti ìrìnàjò láti Adó lọ sí Èkó tàbí Àbújá nítorí físà. Láti ìbẹ̀rẹ̀ 2024, akẹ́kọ̀ọ́ tí kì í ṣe ti ìwádìí gíga kò lè mú aya tàbí ọmọ lọ́wọ́ lọ mọ́, bí kò bá ṣe pé ìjọba ni ó ń san owó rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ilé-ìwé fúnra rẹ̀. Ní oṣù Kejìlá 2023, akọ̀ròyìn kan fi hàn pé òun gba ìwé-ẹ̀rí yunifásítì ní ilẹ̀ Benin láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, láìjókòó ní kíláàsì. Ní oṣù tí ó tẹ̀lé e, ìjọba Nàìjíríà dáwọ́ dúró láti máa fi òǹtẹ̀ lu ìwé-ẹ̀rí Benin àti Togo. Ní oṣù Kẹjọ 2024, Mínísítà Ẹ̀kọ́ ìgbà náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Tahir Mamman, sọ pé ó ju 22,000 ènìyàn lọ tí ó gba ayédèrú ìwé-ẹ̀rí láti ibẹ̀. Ará wa ni wọ́n ní Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́, n kò bá ilẹ̀ wọn wí, yunifásítì rere sì wà níbẹ̀. Ohun tí ó dùn mí ni pé olóòótọ́ akẹ́kọ̀ọ́ jìyà pẹ̀lú ẹlẹ́tàn, nítorí ẹ̀jẹ́ńtì ni òbí púpọ̀ gbà gbọ́. Kí a tó san kọ́bọ̀, kí a bèèrè lọ́wọ́ Ilé-iṣẹ́ Ètò Ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ bóyá wọ́n mọ ilé-ìwé náà; kí a kọ̀wé sí ilé-ìwé náà tààrà; kí owó sì wọ báńkì ilé-ìwé, kí ó má wọ àpò ẹnikẹ́ni.

Kí ni iṣẹ́ ẹgbẹ́ wa nínú èyí? Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́, ọ̀kan nínú àwọn tí ó dá ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ WASU sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1925, rin Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láti 1929 títí di 1932 láti wá owó ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa yóò máa gbé. Wọ́n ṣí ilé náà ní 1933. Ní 1938, ẹgbẹ́ àwọn Ìbíbíò kó owó jọ, wọ́n sì rán ọ̀dọ́mọkùnrin 6 lọ kàwé. Tiwa kò tilẹ̀ ní ná wa tó bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn tí ó ti lọ tí ó sì ti dé, ní Adó, ní Ìyìn, ní Ìfàkì, ní Aramọkọ àti ní Ìjerò, máa jókòó lẹ́ẹ̀kan lóṣù láti bá òbí yẹ ìwé ọmọ wò lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀yin Ìjòyè, ní ibi ìsọmọlórúkọ tí ẹ bá jókòó sí, bí a bá ti tọ́ oyin àti iyọ̀ wò tán, ẹ bèèrè pé: nígbà wo ni ẹ ó lọ fi orúkọ ọmọ yìí sínú ìwé ìbí, báwo ni ẹ ó sì ti kọ ọ́?

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.