Àádọ́ta Ọ̀kẹ́: Kí Ló Wà Nínú Mílíọ̀nù Kan?

Láti Baruwa níbí ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀. Lónìí, ẹ jẹ́ ká tú mílíọ̀nù kan wò.

Ká ní ò ń wá ilé ní àdúgbò wa, bàbá onílé wá ní, "Àádọ́ta ọ̀kẹ́ ni owó ọdún kan." Bó o bá rò pé ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta ló ń wí, inú ẹ á kàn dùn lásán ni. Ọ̀kẹ́ kan jẹ́ 20,000. Àádọ́ta rẹ̀ jẹ́ 1,000,000. Ìlọ́po ogún ohun tó o rò ni!

Níbo ni ọ̀kẹ́ ti wá? Nídìí owó ẹyọ ni. Àwọn baba wa máa ń sín 40 ẹyọ sórí okùn kan. Irú okùn bẹ́ẹ̀ 50 jẹ́ ẹgbàá, ìyẹn 2,000. Ẹgbàá mẹ́wàá ló ń kún àpò kan, àpò yẹn ni ọ̀kẹ́. Fi èyí sọ́kàn: pín iye ọ̀kẹ́ sí 50, wàá rí iye mílíọ̀nù. Igba ọ̀kẹ́ jẹ́ mílíọ̀nù mẹ́rin.

Ó yá, irú nọ́ńbà wo ni 1,000,000 fúnra rẹ̀? Ó ṣeé pín sí méjì dọ́gba. 1,000 × 1,000 ni, 100 × 100 × 100 náà sì ni. Bó o bá to páálí kéékèèké, 100 ní gígùn, 100 ní fífẹ̀, 100 ní gíga, mílíọ̀nù kan lo tò yẹn.

Tú u palẹ̀ pátápátá, 2 mẹ́fà àti 5 mẹ́fà péré lo máa bá níbẹ̀, tí wọ́n ń sọ ara wọn di púpọ̀. Kò sí 3, kò sí 7. Nọ́ńbà 49 ló lè pín in láìṣẹ́kù. Kí ló dé tí kò fi pé 50? Torí pé méjì-méjì ni wọ́n ń rìn: 2 pẹ̀lú 500,000, 8 pẹ̀lú 125,000. 1,000 nìkan ló jẹ́ ẹnìkejì ara rẹ̀.

Ibi tó ti kan àpò wa nìyí. Bí ẹ̀yin mẹ́jọ bá fẹ́ dá àjọ mílíọ̀nù kan, ₦125,000 géérégé ni kálukú máa mú wá. Ẹ̀yin mẹ́ta ńkọ́? Bí kálukú bá mú ₦333,333 wá, náírà kan á ṣì dín. Bẹ́ ẹ tilẹ̀ fọ́ ọ sí kọ́bọ̀, kọ́bọ̀ kan á dín. Ẹ̀yin mẹ́fà, méje, mẹ́sàn-án tàbí méjìlá, kò lè dọ́gba láéláé. Ẹ tètè sọ ẹni tó máa fi kún un, kó má di ìjà.

Tí àgbàlagbà bá sì fi ọ̀kẹ́ dá owó lé ẹ, ṣírò rẹ̀ kó o tó fọwọ́ síwèé. Ẹ jẹ́ ká fi èyí dánra wò: ọ̀kẹ́ 35 jẹ́ èló? Ó dìgbà kan ná o.